Ẹ Bá Wa Mọ Ìjàpá Tí A Lè Jókòó Lé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí LASPARK

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo òṣìṣẹ́ LASPARK, àjọ tó ń mójú tó ọgbà àti ibi ìgbafẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Nílùú tí ilé àti títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ tán, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti wá àyè fún koríko àti igi. À ń rí òdòdó tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń bomi rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì ń rí igi tí wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún ní ọjọ́ kẹrinlá oṣù Keje tí Èkó yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, n kò bá ìjà wá.

Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹ bá wa ṣe ère tí èèyàn lè jókòó lé. Ère aláwọ̀ mèremère, tó ń pani lẹ́rìn-ín, tí ọmọdé lè gùn bó ṣe wù ú, tí ìyá àgbà lè fẹ̀yìn tì, tí ẹni tó ti fẹsẹ̀ rìn jìnnà lè fìdí lé kí ó mí kanlẹ̀ kí ó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ó wà nílẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ń gbà. Kí a má ṣe ọgbà yí i ká, kí a má sì kọ "ẹ má fọwọ́ kàn án" sí i lára.

Ère kò wọ́n wa ní Èkó. Ti Fẹlá wà ní Allen, èyí tí Abolore Sobayo ṣe ní 2017. Kò ní orí, kò ní ọwọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rí i tí kò mọ̀ pé Fẹlá ni. Gàní Fáwẹ̀hìnmi wà ní Ọjọ́ta. Àró Mẹ́ta, àwọn ìjòyè onífìlà funfun mẹ́ta tí Bodun Shodeinde ṣe, fi ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn tó ń ti ọ̀nà Ìbàdàn bọ̀ káàbọ̀ sí Èkó. Mo fẹ́ràn wọn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a máa ń gbé ère sí ní ìlú yìí: àárín ráńdábáòtù, àárín títì márosẹ̀. Inú mọ́tò la ti ń wò wọ́n, bí ọ̀nà bá sì ti là, a ti kọjá nìyẹn. Ọmọ tó bá fẹ́ sún mọ́ wọn ní láti kọ́kọ́ sá kọjá níwájú dánfó. Ti Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹjà, tí Hamza Atta ṣe, tí wọ́n ṣí ní 2017, jẹ́ ère ẹni tó jókòó: bàbá fìdí kalẹ̀ lórí àga, agbádá rẹ̀ balẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń rò ó pé ká ní àga òkúta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá nílẹ̀ níbí, ọmọ iléèwé ìbá jókòó tì wọ́n, ìbá ṣí ìwé rẹ̀. Ta ni ìyẹn ìbá dùn mọ́ nínú ju Awólọ́wọ̀ fúnra wọn lọ?

Ibo wá ni àwa ń jókòó sí? Etí gọ́tà ni. Orí búlọ́ọ̀kù tí ẹnì kan gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Orí kéréètì mínírà, orí táyà tí fọkanáísà ti pa tì. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní Agége tàbí ní Ìyánà Ìpájà lọ́sàn-án gangan, ẹ ó rí obìnrin tó pọn ọmọ, tó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró kí tòsì lè sinmi, tí yóò sì tún yí i padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ti wò yíká. Kò rí ibi tí yóò jókòó sí tí olówó ṣọ́ọ̀bù kò ní sọ fún un pé kó dìde fún oníbàárà. Àwọn irú obìnrin yẹn ni mo ń rò bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, àti ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn, tí kò tíì rí ohun kan ní gbangba ìlú tí wọ́n ṣe nítorí tirẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Láyé àwọn baba wa, ilé kì í parí láìsí pèpéle níwájú rẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ògiri náà ni wọ́n ń fi mọ ìjókòó mọ́ ọn, wọ́n á fọwọ́ rá a títí yóò fi dán, àlejò kò sì ní láti kan ilẹ̀kùn kó tó fìdí lé e. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ àpótí ìjókòó láti ara òkúta funfun líle tí wọ́n ń pè ní quartz. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́nù dòní, èyí tí Ọọ̀ni Adélékàn fi ta Gilbert Carter, gómìnà òyìnbó ní Èkó, lọ́rẹ ní 1896. Wọ́n gbẹ́ ọwọ́ kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó yọ síta, tó tẹ̀ kọrọdọ padà sára àpótí náà. Ẹni tó bá ti di òkúta mú rí yóò mọ ìyà tí ẹni tó gbẹ́ ẹ jẹ, nítorí pé bí òòlù bá ṣì í lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ náà ti kán nìyẹn. Ère ni, ìjókòó ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ó mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní Ẹ́sìẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rin ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì jókòó sórí àpótí. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe dá mùsíọ́mù sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ àwọn bíríkìlà. Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó mọ irú ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ lójú fèrèsé àti lórí òpó. Àṣà ilé kíkọ́ náà wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ, kò sì pẹ́ tí kìnnìún sìmẹ́ńtì fi ń jókòó níwájú ilé olówó káàkiri. Àwọn bíríkìlà tiwa ló ń mọ wọ́n. Nígbà tí Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà Yorùbá, pe àwọn bíríkìlà ní Òṣogbo pé kí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko, Adébísí Àkànjí wà lára àwọn tó jáde. Iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá bá Susanne Wenger, òyìnbó tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, ohun tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì, irin àti amọ̀ kọ́ síbẹ̀ wà lára ohun tí ayé ń torí rẹ̀ wá sí Òṣogbo. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi igbó náà sára ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Bí bíríkìlà bá lè ṣe èyí nínú igbó, kí ló dé tí a kò ní ní kí ó ṣe ìjókòó ọmọdé sí ọgbà ìlú?

Àwọn ìlú mìíràn ti ṣe é, wọ́n sì ń jèrè rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni ti Park Güell ní Barcelona, ní Sípéènì. Láàárín 1900 sí 1914 ni wọ́n kọ́ ọ. Antoni Gaudí ló yàwòrán rẹ̀, Josep Maria Jujol sì bá a ṣe ọ̀ṣọ́ ìjókòó ibẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Eusebi Güell ló fẹ́ kí ó jẹ́ àdúgbò àwọn olówó. Àwọn olówó kò yá sí i, ìlú rà á, ó sì di ti gbogbo èèyàn ní 1926. Gbàgede ńlá kan wà níbẹ̀ tí òpó mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún gbé ró. Ìjókòó kan ṣoṣo ló lọ́ yí etí gbàgede náà ká, ó gùn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, bó ti ń wọlé ló ń yọ síta. Níbi tó ti wọlé, ẹbí kan lè jókòó kojú síra wọn. Níbi tó ti yọ síta, ẹni tó fẹ́ dá wà lè kẹ́yìn sí wọn láìjẹ́ pé ó bínú. Ẹ̀yìn ìjókòó náà ló tún jẹ́ odi tí kì í jẹ́ kí èèyàn já bọ́ sísàlẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí gbàgede kò ní dúró, inú àwọn òpó yẹn ló ń gbà wọ inú àgbá omi tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ohun kan kò sí níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Kí sì ni wọ́n fi bo ìjókòó yìí lára, tó fi ń tàn bẹ́ẹ̀? Táìlì fífọ́ ni. Táìlì fífọ́, àwo fífọ́, ìgò fífọ́, tí wọ́n tò mọ́ra wọn lóríṣiríṣi àwọ̀. Ẹ̀yin náà mọ Orílé, ẹ mọ iye táìlì tó ń fọ́ níbi tí wọ́n ti ń já a kúrò lórí ọkọ̀, àti èyí tí àwọn tó ń to táìlì ń gé dànù lójoojúmọ́ ní Lẹ́kí. Ilẹ̀ là ń fi í kún.

Ní Central Park ní New York, ère idẹ kan wà láti 1959, José de Creeft ló ṣe é: ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí olú ńlá, ehoro àti àwọn ẹ̀dá inú ìtàn Alice in Wonderland yí i ká. Torí kí àwọn ọmọdé lè máa gùn ún ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọwọ́ àti ìdí àwọn ọmọ ti pọ́n idẹ yẹn títí tó fi ń dán gbinrin. Ní ìlú yẹn kan náà, ní 2015, Jeppe Hein tó jẹ́ ọmọ Denmark to bẹ́ńṣì mẹ́rìndínlógún sí Brooklyn Bridge Park, tí kò sí èyí tó rí bí bẹ́ńṣì ṣe ń rí: òmíràn lọ́, òmíràn ká, òmíràn dà gẹ̀rẹ̀ wọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ ara wọn rí á jókòó sí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ tiwa náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Yinka Ilori, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ́nù ní 1987, àga àlòkù táwọn èèyàn ti jù nù ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń tún wọn ṣe, ó ń kùn wọ́n ní àwọ̀ tó ń tàn, ó sì ń fi òwe tó gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ sínú wọn. Ní 2022, wọ́n ṣí pápá ìṣeré tó ṣe sí Parsloes Park ní Dagenham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́nù, ère ẹyẹ flamingo ló kún ibẹ̀. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ó sì ń dùn mí pé ọmọ Dagenham ń rí irú nǹkan báyìí gùn, tí ọmọ Mushin kò rí i.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ìjàpá ni. Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Gbogbo wa la mọ àlọ́ tó sọ bó ṣe já bọ́ láti òkè, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá, tí wọ́n tò ó padà mọ́ra tí àpá rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ẹ̀yìn tí wọ́n tò padà yẹn gan-an ni táìlì fífọ́ lè bá wa ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá rí i kò ní béèrè ohun tó jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa pa àlọ́ náà fún àbúrò rẹ̀.

Ẹ mọ ọ́n tóbi, kí èèyàn mẹ́jọ lè jókòó yí i ká. Kí etí ìkarahun rẹ̀ fẹ̀ jáde, kí ó sì tẹ́, kí ó ga tó ìwọ̀n márùndínláàádọ́ta sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ níbi tí àgbà yóò jókòó sí, kí apá ibòmíràn rẹ̀ rẹlẹ̀ dé ọgbọ̀n fún àwọn ọmọdé. Láti etí yẹn ni kí ẹ̀yìn rẹ̀ ti máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó jókòó lè rí ibi fẹ̀yìn tì. Kí ó na ọrùn síta, kí ọrùn náà rẹlẹ̀, kó sì ki, nítorí pé orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ gùn, kò sí bí a ṣe lè kọ̀ ọ́ fún wọn. Kí wọ́n fi irin ṣe egungun rẹ̀ dáadáa, kí sìmẹ́ńtì sì bo irin náà nípọn, torí afẹ́fẹ́ òkun Èkó kì í pẹ́ jẹ irin tó bá rí. Kí wọ́n rin etí táìlì kọ̀ọ̀kan kúnná kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ ní kí ọ̀gá bíríkìlà fi àtẹ́lẹwọ́ rá gbogbo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ha á lọ́wọ́, yóò ya ọmọ nítan. Kí Yánníbo wà nítòsí ọkọ rẹ̀, kí ó kéré, kí ó wà fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kí ilẹ̀ tó yí wọn ká jẹ́ yanrìn, kì í ṣe kọnkéré, nítorí pé ọmọ yóò ṣubú.

Bí Ìjàpá bá ti dúró, ẹ ṣe ìjókòó ayò tẹ̀lé e. Bẹ́ńṣì sìmẹ́ńtì gígùn kan, tí wọ́n gbẹ́ ihò ayò méjìlá sí láàárín, tí ẹni méjì lè jókòó kọjú síra wọn ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà méjèèjì. Àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi á mú ọmọ ayò tiwọn wá, méjìdínláàádọ́ta ni, kò wúwo lápò. Ẹ lu ihò tóóró sí ìdí ihò kọ̀ọ̀kan kí omi òjò lè jò sísàlẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ni yóò kọ́kọ́ ta ayò níbẹ̀. Ọmọ tó bá dúró ti bàbá rẹ̀ níbẹ̀ yóò mọ ìṣirò kó tó mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń kọ́.

Àwọn àgbà ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún jù. Púpọ̀ nínú àwọn ìjókòó aláràbarà tí wọ́n ń ṣe láyé òde òní, ọ̀dọ́ nìkan ló lè jókòó sí i kó sì dìde. Ìyá tí eékún ń dùn nílò ohun tí yóò dì mú bó bá fẹ́ dìde, aláboyún náà nílò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹwà mú kí ẹ yọ ọwọ́ àti ẹ̀yìn kúrò lára ìjókòó. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, kí òun náà lè wà láàárín àwọn tó kù. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi irin dábùú ìjókòó torí kí aláìnílé má baà sùn síbẹ̀. Irin tó lé aláìnílé ti lé aláìsàn náà. Ẹ gbé ère sábẹ́ igi. Oòrùn oṣù Kejì yóò sọ ohun tó bá wà ní gbangba di ààrò, ẹ sì ti ní igi tó ti dàgbà nínú ọgbà yín.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín. Àwọn kan á ní òrìṣà lẹ ń kọ́. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́ ló jùmọ̀ ń gbe orin àlọ́ Ìjàpá, kò sì sẹ́ni tó ń bọ ọ́. Àwọn mìíràn á ní àwọn agbèrò ni yóò gba ibẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe asán, mo ń gbé ní Èkó. Ṣùgbọ́n ibi tó ṣófo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Ibi tí ìyá, ọmọ àti bàbá àgbà ń jókòó sí láti àárọ̀ kì í rọrùn gbà. Ẹ fi iná sí i, ẹ jẹ́ kí ìyá tó ń ta ẹ̀pà àti omi pọ́ọ̀ wà nítòsí, ẹ má lé e. Ojú rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ibẹ̀ fún yín.

Ní ti owó, èmi kì í ṣe oníṣirò yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé sìmẹ́ńtì, yanrìn, irin àti táìlì fífọ́ jẹ́ ohun tí a lè rí ní Èkó níbí, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì wà láàárín wa. Owó àtúnṣe ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Táìlì kan á yọ, ẹni kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lẹ̀ ẹ́ padà kí ọmọ tó ki ìka bọ̀ ọ́.

Ọgbà kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kó má jẹ́ ní Ìkòyí. Ẹ wá èyí tó sún mọ́ ibùdókọ̀ àti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Agége, ní Mushin, ní Àjégúnlẹ̀. Ẹ pe ìdíje fún àwọn bíríkìlà, irú èyí tí wọ́n pè ní Òṣogbo, kí ẹnikẹ́ni mú Ìjàpá kékeré tó mọ wá, kí àwọn ọmọ àdúgbò náà wà lára àwọn tí yóò mú èyí tó wù wọ́n. Kí ẹ má béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ àwọn tó bá wá. Ẹ sì kéde rẹ̀ lórí rédíò lédè Yorùbá láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí wọ́n bá ń po yanrìn lọ́wọ́, kí ó lè dé etí àwọn tí mo ní lọ́kàn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn ará Agége.